Ẹsẹ̀ Mẹ́fà Lórí Àjà

Gbójú sókè wo àjà yàrá tí o wà yìí. Bí kò bá sí eṣinṣin níbẹ̀, ẹ̀fọn lè wà níbẹ̀, tàbí èèrà tó tò láti ìdí gílóòbù lọ sí igun ògiri. Gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ bí ẹni pé òkè ni ilẹ̀. Eṣinṣin tilẹ̀ lè sùn mọ́jú lórí àjà láìjábọ́.

Bí o bá bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní gọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ kòkòrò. Wọn ò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kù síbì kan. Àwọn tó ń dẹ ẹyẹ láyé àtijọ́ máa ń fi àtè sórí ẹ̀ka igi. Ẹyẹ tó bá bà lé e, ó ti bà lé e nìyẹn, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ irú àtè bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ eṣinṣin, ibi tó bá kọ́kọ́ bà sí ni ì bá kú sí. Àmọ́ eṣinṣin ń lẹ̀, ó ń ṣí, ó tún ń lẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kí o tó ka ení, èjì. Nítorí náà, má jẹ́ kí lílẹ̀ nìkan gbà ọ́ lọ́kàn. Ohun tó ń lẹ̀ pọ̀ láyé. Ẹsẹ̀ tó mọ ìgbà tí yóò lẹ̀, tó sì mọ ìgbà tí yóò jọ̀wọ́, òun ló ṣọ̀wọ́n, òun sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ìdí rẹ̀ láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé.

Ká tó dé orí ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìwọ̀n ara wò, nítorí ìdajì àṣírí náà wà níbẹ̀. Tọrọ ẹyọ magí mẹ́jọ ní ilé ìdáná, irú èyí tí igun rẹ̀ dọ́gba. Gbé ẹyọ kan sórí tábìlì, kí o wo bí ojú rẹ̀ tó kan tábìlì ṣe fẹ̀ tó. Wàyí o, to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ sójú kan, mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lé wọn lórí. Magí ńlá tí o ní báyìí ga ní ìlọ́po méjì ti ẹyọ kan, ó gùn ní ìlọ́po méjì, ó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ó wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ, nígbà tí ojú tó fi kan tábìlì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin péré. Bí nǹkan bá ń tóbi, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń yára pọ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá ń kéré, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: ìwọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àtẹ́lẹsẹ̀ á ṣì kù. Eṣinṣin ilé kan wọn nǹkan bíi mìlígíráàmù 10 sí 20. Ìyẹn ni pé yóò tó eṣinṣin 50,000, ó kéré tán, kí wọ́n tó wọn kílò kan. Òòfà ilẹ̀ tó ń fà ọ́ lulẹ̀ bí o bá yọ̀ lórí àkàbà ń fa eṣinṣin náà, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan púpọ̀ dì mú lára rẹ̀.

Ní 2016, David Labonte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge fi ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń gun ògiri wéra, láti orí àwọn tíntínní tí ojú lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí títí dé orí ọmọńlé. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀dá náà bá ṣe tóbi tó ni ibi tó ń lẹ̀ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kì í sì í ṣe díẹ̀ ló fi ń fẹ̀ sí i. Bí ènìyàn bá fẹ́ gun ògiri bí ọmọńlé, ìdá 40 nínú 100 awọ ara rẹ̀ ló ní láti di àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní bàtà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀ á jẹ́ nọ́ńbà 145 ní ìwọ̀n ti Yúróòpù. Mi ò rò pé wọ́n ń ta á ní ọjà Bàlógun. Spider-Man inú fíìmù, ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ènìyàn yòókù lọ, ń tàn ọ́ jẹ díẹ̀.

Ó yá, ẹsẹ̀ wá kàn. Mẹ́fà ni kòkòrò ní. Aláǹtakùn ní mẹ́jọ, nítorí náà kì í ṣe kòkòrò. Ọmọńlé ní mẹ́rin. Ìbátan alángbá ni, a ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ṣóńṣó ẹsẹ̀ eṣinṣin kọ̀ọ̀kan, èékánná méjì wà tó tẹ̀ sísàlẹ̀. Lábẹ́ èékánná wọ̀nyí, tìmùtìmù kékeré méjì wà. Iṣẹ́ tí èékánná ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tí tìmùtìmù ń ṣe.

Ògiri tí o rò pé ó dán, kò dán. Ògiri alámọ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ògiri tí bíríkìlà fi simẹ́ńtì rẹ́ kún fún góńgó iyanrìn. Ọ̀dà tí wọ́n kùn lé e pàápàá ní gbágungbàgun tí ojú wa ò lè rí. Fún ẹ̀dá tó kéré bí eṣinṣin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ òkè àti àfonífojì, èékánná á kàn máa há sínú ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Aáyán tó sá gun ògiri ilé ìdáná nígbà tí wọ́n tan iná lójijì, èékánná ló gbà á là. Bó bá rìn lórí páálí lóru tí gbogbo ilé ti pa lọ́lọ́, wàá gbọ́ bí èékánná náà ṣe ń họ nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹ̀fọn náà nílò ògiri, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì kan ìlera wa. Ẹ̀fọn Anọ́fílíìsì, èyí tó ń gbé ibà kiri, abo rẹ̀ ló ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì mu lẹ́ẹ̀kan lè ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ta ló gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó lè fò jìnnà? Ńṣe ló máa ń bà sára ògiri tó wà nítòsí láti sinmi, á sì gbé ìdí sókè. Bí o bá rí ẹ̀fọn lára ògiri tó tẹ orí ba, tó gbé ìdí sókè, mọ̀ pé Anọ́fílíìsì ni. Nítorí ìsinmi yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi máa ń fín oògùn sára ògiri inú ilé. Kò dìgbà tí oògùn náà bá bá ẹ̀fọn nínú afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ tó fi rọ̀ mọ́ ògiri ló fi ń gbà á wọ ara. Ní Garki, lápá àríwá Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà fín irú oògùn bẹ́ẹ̀ sára ilé ní ọ̀pọ̀ abúlé, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó wáyé láàárín 1969 sí 1976. Ẹ̀fọn dín kù, ibà kò tán. Lára ohun tó fà á ni pé ẹ̀fọn mìíràn kì í dúró sinmi nínú ilé rárá. Tó bá ti yó tán, ìta ló ń gbà lọ.

Gíláàsì fèrèsé ńkọ́? Ibẹ̀ ni èékánná ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí góńgó, kò sí ihò tó tóbi tó, èékánná á kàn máa yọ̀ ni. Síbẹ̀ eṣinṣin ń gun gíláàsì bó ṣe ń gun ògiri, ohun tó sì rú àwọn àgbà onímọ̀ lójú fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi maikirosikóòpù, awò tó ń sọ ohun bíńtín di gàgàrà, wo ẹsẹ̀ eṣinṣin. Ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, Micrographia, tó jáde ní 1665. Ó rí èékánná, ó rí tìmùtìmù, ó sì rí irun wẹ́wẹ́ lábẹ́ tìmùtìmù náà. Ó rò pé àwọn irun yẹn ń wọ ihò kéékèèké lára ohun tí eṣinṣin bà lé. Nígbà tó di 1816, Everard Home, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, mú àbá mìíràn wá. Ó ní ńṣe ni tìmùtìmù ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ ara rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ìta á wá tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́ gíláàsì. Àbá yẹn dùn ún gbọ́, títí dòní mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó kàwé.

John Blackwall ló tú u ká, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn aláǹtakùn ju ohun gbogbo lọ, ṣùgbọ́n ó yà sọ́dọ̀ eṣinṣin fúngbà díẹ̀. Ó ronú báyìí pé: bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń tẹ ẹsẹ̀ eṣinṣin mọ́ gíláàsì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí afẹ́fẹ́? Ó kó eṣinṣin sínú ìkòkò gíláàsì, ó fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Àwọn eṣinṣin náà kò já bọ́. Wọ́n ṣì ń rìn lára gíláàsì náà níwọ̀n ìgbà tí okun ṣì wà nínú wọn. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí gan-an, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi eṣinṣin, eṣinṣin sì dá a lóhùn. Èrò Blackwall ni pé omi kan wà lẹ́sẹ̀ wọn. Òótọ́ sì ni.

Láti mọ ohun tí omi díẹ̀ lè ṣe, wá ọ̀rá pẹlẹbẹ kan, èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì dára. Gé e kó tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé ní gbígbẹ: yóò bọ́ sílẹ̀. Kán omi díẹ̀ sí i, kí o tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: yóò dúró. Lẹ selotépù mọ́ àárín rẹ̀, kí o gbìyànjú láti fi í fa ọ̀rá náà tààrà kúrò lára gíláàsì. Wàá rí i pé ó ń ṣagídí. Ṣùgbọ́n bí o bá mú igun kan tí o sì ká a sókè, yóò ṣí wọ́ọ́rọ́ láìgba agbára kankan. Bí o bá da omi púpọ̀ sí i, kò ní dúró sójú kan mọ́, ńṣe ni yóò máa yọ̀ sísàlẹ̀. Fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn: omi díẹ̀ ń mú nǹkan lẹ̀, omi púpọ̀ ń jẹ́ kó yọ̀, igun kan sì ni a fi ń ṣí i.

Irun tó wà lábẹ́ tìmùtìmù eṣinṣin pọ̀ lọ jàra, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Oje kan ń sun jáde sí orí irun wọ̀nyí, òróró àti omi ló pò mọ́ra nínú rẹ̀. Ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ṣùgbọ́n bí eṣinṣin bá rìn lórí gíláàsì tó mọ́, maikirosikóòpù a máa fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn, ẹ̀kán oje tíntínní tó tò tẹ̀lé ara wọn. Nítorí pé oje náà kò pọ̀, orí irun àti gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, oje náà á fà wọ́n mọ́ra, ẹsẹ̀ ò sì ní máa yọ̀ kiri. Ìdí tó fi jẹ́ irun púpọ̀, tí kì í ṣe awọ kan tó tẹ́ rẹrẹ, ni pé irun kọ̀ọ̀kan lè tẹ̀ bó ṣe wù ú láti bá gbágungbàgun ibi tó bà sí mu. Bí eruku bá dí ọ̀kan lọ́wọ́, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ.

Kòkòrò kan wà ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, tó le lẹ́yìn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ búlúù tó ń dán. Orí imọ̀ ọ̀pẹ kékeré kan ló ń gbé. Ní 2000, Thomas Eisner àti Daniel Aneshansley ti Yunifásítì Cornell kọ̀wé nípa rẹ̀. Irun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó nǹkan bí 60,000, orí irun kọ̀ọ̀kan sì là sí méjì. Nígbà tó bá ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú irun yìí ló ń jẹ́ kó kan ewé. Ṣùgbọ́n bí èèrà bá kọ lù ú, á tẹ gbogbo irun náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ tó le bo ara mọ́lẹ̀. Èèrà á fà á títí, kò ní ṣí. Àwọn onímọ̀ náà fà á pẹ̀lú: ó fara da ìwọ̀n tó tó ìlọ́po 60 ti ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ìwọ bá wọn kílò 30, ìlọ́po 60 rẹ jẹ́ kílò 1,800. Lọ bi mẹ́káníìkì ní ohun tí mọ́tò ń wọn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kòkòrò náà kì í na gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń fi gbogbo irun rẹ̀ rìn lójoojúmọ́, á ṣòro fún un láti gbé ẹsẹ̀.

Èèrà kò ní irú irun yẹn. Tirẹ̀ jẹ́ àpò rírọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín èékánná méjèèjì, oyin náà sì ní in. Nígbà tí èékánná bá rí ibi há sí, àpò yẹn á wà ní kíká, kò ní dí ìrìn lọ́wọ́. Bí èékánná bá yọ̀, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí gíláàsì, iṣan tó ń fa èékánná wọlé á tún fa àpò náà, á tú síta, á sì tẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú oje tirẹ̀. Walter Federle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé èyí ní 2001. Èèrà ò nílò láti ronú sí i rárá: èékánná yọ̀, àpò jáde, ẹsẹ̀ gbéra, àpò ká padà.

Èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé sórí igi wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù. O mọ̀ ọ́n bí o bá ti gun igi kòkó tàbí máńgòrò rí, nítorí bí o bá fọwọ́ kan ilé rẹ̀, yóò jẹ́ kí o mọ̀ pé ilé ẹnìkan ni. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Éṣíà. Thomas Endlein ya fọ́tò ọ̀kan nínú wọn ní Cambridge, níbi tó ti fi ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ ohun dídán kan, tó dorí kodò, tó sì fi ẹnu gbé ohun tó ju ìlọ́po 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Fọ́tò yẹn gba ẹ̀bùn, ó sì tọ́ sí i.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń ṣí. Bí lílẹ̀ bá lè gbé ìlọ́po 100 ìwọ̀n ara, agbára wo ni kòkòrò ń lò láti gbé ẹsẹ̀ kan? Kò lo agbára púpọ̀. Igun ọ̀rá ló mọ̀ ọ́n mú. Tìmùtìmù kòkòrò kì í lẹ̀ bákan náà síhà gbogbo. Bí kòkòrò bá fa ẹsẹ̀ wá sábẹ́ ikùn, á lẹ̀ pinpin. Bó bá tì í síta, á jọ̀wọ́. Nítorí náà, eṣinṣin tó wà lórí àjà a máa fa ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì síra wọn. Bí ilẹ̀ ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń mú un sí i. Nígbà tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan, kì í fà á tààrà. Senta Niederegger àti Stanislav Gorb, tí wọ́n ṣọ́ eṣinṣin ní Jámánì, rí i pé ó ní ju ọ̀nà kan lọ. Nígbà mìíràn á ti ẹsẹ̀ síwájú, nígbà mìíràn á yí i bírí, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ á gbé tìmùtìmù náà sókè láti etí kan, kí irun wọn máa ṣí ní ìlà-ìlà dípò kí gbogbo wọn ṣí pọ̀. Bó bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé, mẹ́ta á dúró: iwájú àti ẹ̀yìn lápá kan, àárín lápá kejì. Kò sígbà tí gbogbo wọn ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ìgbà tó bá fẹ́ fò.

Fífò náà mú ìbéèrè mìíràn wá. Eṣinṣin kì í fò ní dídorí kodò. Báwo ló ṣe wá ń bà sórí àjà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè? Àwọn kan ní á yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó débẹ̀, àwọn kan ní á ta òkìtì. Ní 1962, W. G. Hyzer fi kámẹ́rà tó yára gan-an ká a mọ́. Eṣinṣin náà fò lọ sókè, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kọjá orí. Bí wọ́n ti kan àjà, wọ́n dì í mú, ara yòókù fì sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó kù sì balẹ̀, tàbí ká kúkú sọ pé wọ́n ba òkè. Ní 2019, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ wo ìyekan eṣinṣin, wọ́n sì rí i pé ojú rẹ̀ ló fi ń díwọ̀n àjà tó ń sún mọ́ ọn, tí ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ kí o tó ṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ iwájú tó kọ́kọ́ kan àjà gbọ́dọ̀ lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí àyè pé kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ti ṣèlérí ọmọńlé. Òun pẹ̀lú wà lórí àjà yẹn, nítòsí iná, ó ń ṣọ́ àwọn kòkòrò tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbẹ, kò ní oje. Irun ló ní, ṣùgbọ́n irun tirẹ̀ tín-ín-rín ju ti eṣinṣin lọ fíìfíì. Ní 2000, Kellar Autumn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára irun ẹyọ kan láti ẹsẹ̀ ọmọńlé ńlá kan tó jẹ́ ti Éṣíà. Irun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000 ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, orí irun kọ̀ọ̀kan sì tún pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Orí wọ̀nyí sún mọ́ ògiri débi pé mólékù tiwọn àti mólékù ògiri ń fa ara wọn. Irú ìfàmọ́ra yìí wà láàárín ọwọ́ rẹ àti ògiri pẹ̀lú, àmọ́ awọ ọwọ́ rẹ rí gbágungbàgun, ibi díẹ̀ ló ń kan ògiri ní tòótọ́. Bí ọmọńlé bá fẹ́ ṣí ẹsẹ̀, á ká ọmọ ìka sókè láti ṣóńṣó. Bí o bá rí ọ̀kan lára gíláàsì fèrèsé, dúró síhà kejì kí o wò ó: ìka á ká, ẹsẹ̀ á ṣí, ìka á tún na, ẹsẹ̀ á lẹ̀.

Ọ̀tá gbogbo wọn ni eruku. Irun tí eruku bò kò lè kan ògiri, oje tí eruku mu á gbẹ. Ìdí kan nìyẹn tí eṣinṣin kì í fi yé fọwọ́ pa ọwọ́, tí yóò tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pa ara wọn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló fi ń tọ́ adùn oúnjẹ wò, nítorí náà ó ní ìdí méjì láti nù ún. Àmọ́ irun tó tutù tó sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi ìdọ̀tí tó bá tẹ̀ sílẹ̀. Kòkòrò àrùn ibi tó ti kọ́kọ́ bà ń bá a dé orí àwo oúnjẹ, fífọwọ́-pa-ọwọ́ ò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àwọn ìyá wa kò dúró de maikirosikóòpù kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè dán ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tó tí èèrà ò ní gùn ún. Wọn ò jà lórí gígùn. Ńṣe ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo mílíìkì, wọ́n da omi tàbí kẹrosíìnì sí i, wọ́n gé ọ̀nà èèrà láti ìdí.

Ọ̀nà mìíràn wà tí o lè fi dá èèrà dúró, èyí sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Wá ife gíláàsì méjì tó mọ́ tó sì gbẹ. Fi àtíkè díẹ̀ pa inú ọ̀kan yíká, fẹ́ èyí tó bá pọ̀ jù dànù, kó ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fi èèrà kéékèèké mélòó kan sínú ife kọ̀ọ̀kan. Má mú èyí tó ń ta. Nínú ife tí kò ní àtíkè, wọ́n á gòkè wá bá ọ lẹ́nu ife kíá, nítorí náà jẹ́ kí ọwọ́ rẹ yá. Nínú èkejì, èèrà á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé gíláàsì, àtíkè á lẹ̀ mọ́ àpò ẹsẹ̀ rẹ̀ dípò kí àpò lẹ̀ mọ́ gíláàsì, èèrà á sì yọ̀ padà sísàlẹ̀. Wo ohun tó máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó lè dúró, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu nu ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tún gbìyànjú. Bí o bá wò ó tó, dá wọn padà síta, kí o sì fi ọṣẹ fọ ife náà dáadáa kí ìyá rẹ tó béèrè ẹni tó fi àtíkè sínú ife omi.